Wàrà Tí Wọ́n Fi Du Bàbá

                                        Agbolé Télọ̀,
                                        Ìlare,
                                        Ilé-Ifẹ̀,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
                                        4 Oṣù Karùn-ún, 2026.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Sàúdátù,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ara wọn le? Fàrídà ọmọ mi ńkọ́, ṣé ikọ́ yẹn ti fi í sílẹ̀? Bá mi kí ìyá ọkọ rẹ, kí o sọ fún wọn pé a dúpẹ́ àdúrà tí wọ́n ń gbà fún wa. Àwa náà wà níbí, a ò rojọ́.

Má bínú pé lẹ́tà ni mo kọ bí ará àtijọ́. O mọ̀ pé bí mo bá ti pè ọ́ lórí fóònù, Màmá á ti nawọ́ pé kí n gbé e fún àwọn, ohun tí mo sì fẹ́ bá ọ sọ yìí kì í ṣe fún etí wọn. Roqeeb tó ń wa ọkọ̀ wá sí Ìlọrin ló máa fà á lé ọ lọ́wọ́. Bí o bá kà á tán, ya á.

Sàúdátù, mo gbọ́ ohùn Bàbá. Mi ò sùn, mi ò sì lálàá. Ọ̀sán gangan ni, mo ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé, ni mo gbọ́ tí wọ́n ń kérora nínú yàrá wọn, ìkérora wọn yẹn tó máa ń bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ọ̀fun, tí á wá já lójijì. Ẹ̀wà dà nù lọ́wọ́ mi. Ọdún kẹta rèé tí a ti sin Bàbá! Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, Màmá ti wà níbẹ̀. Wọn ò wọlé, wọ́n kàn di ilẹ̀kùn mú. Abdulhafeez àbúrò wa ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì Bàbá, ó ká kò, ó fọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ mú gẹ́lẹ́ bí Bàbá ṣe máa ń ṣe. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́ fún ọ. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, bí ilé bá ti dákẹ́, etí mi ṣì ń gbọ́ ọ, mi ò sì mọ èyí tó jẹ́ ti Bàbá nínú méjèèjì mọ́.

A gbé e dé ọsibítù, wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀, wọ́n ní òkúta ló wà nínú kíndìnrín, irú èyí tó bá Bàbá jà. Ọ̀kan ti bá ìtọ̀ jáde báyìí, ṣùgbọ́n òmíràn ṣì wà nínú. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Moyinolúwa, bi í léèrè ohun tó ń jẹ àti omi tó ń mu. Omi kẹ̀? Àbúrò wa tó jẹ́ pé bó bá ti jókòó sídìí máṣíìnì ìránṣọ Bàbá, kì í rántí omi títí di ìrun Alásárì! Dókítà ní kálísíọ́mù, ohun tó ń mú egungun le, ti pọ̀ jù nínú ìtọ̀ rẹ̀. Ó ní iyọ̀ àti magí àjẹjù ló ń lé e wọ inú ìtọ̀, tí omi ò bá sì tó, á máa dì díẹ̀díẹ̀ bí funfun tó máa ń lẹ̀ mọ́ inú kẹ́tùlù wa.

Mo bá fi ọgbọ́n tèmi kún un, mo ní Màmá ti fòfin de wàrà àti mílíìkì fún un, bí wọ́n ṣe ṣe fún Bàbá. Dókítà gbé bírò sílẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ta ló ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀?" Ó ní nǹkan kan wà nínú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀pà tó máa ń bá kálísíọ́mù dì di òkúta. Bí èèyàn bá ń jẹ wàrà níwọ̀nba pẹ̀lú oúnjẹ, inú ìfun ni àwọn méjèèjì á ti pàdé, wọ́n á sì bá ìgbẹ́ lọ. Iyọ̀ ló yẹ ká dín, kì í ṣe wàrà.

Abdulhafeez wò mí, èmi náà wò ó. Ìwọ náà á rántí. Ẹnì kan ló sọ fún Màmá lọ́jà pé inú mílíìkì ni òkúta ti ń wá, láti ọjọ́ náà ni wàrà ò ti wọ ilé wa mọ́. Bàbá, ọmọ Ẹdẹ, tí kì í jẹun Jímọ̀ láìsí wàrà díndín! Ṣé o rántí ọjọ́ tí Màmá ká wàrà mọ́ Bàbá lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ wọn, tí wọ́n gbà á, tí Bàbá kàn ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé tí wọ́n bá nídìí ìkòkò ọbẹ̀? Nígbà tí oúnjẹ ò wá wu Bàbá mọ́, ṣe ni Màmá ń bu iyọ̀ sí i kí ẹnu wọn lè dá. Ìfẹ́ ni, Sàúdátù. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn.

Mo bi dókítà bóyá ohun tó pa Bàbá nìyẹn. Ó ní òun ò lè sọ, nǹkan tó ń fa òkúta pọ̀. Nígbà tí a dé Mayfair lójú ọ̀nà ilé, Abdulhafeez ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Màmá ò gbọdọ̀ gbọ́ o." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo ohun tí ojú rí kọ́ ni ẹnu ń sọ.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyí. Bí o bá wálé fún Iléyá, wàá rí i pé ọbẹ̀ Màmá ti tẹ́. Iyọ̀ nìkan la sọ fún wọn pé dókítà kọ̀. Jọ̀ọ́, ìwọ ẹlẹ́nu mímú, tó máa ń pe ọbẹ̀ tèmi ní omi ìfọwọ́, jẹun kí o sì dákẹ́. Má dárúkọ wàrà. Ṣọ́ọ̀bù ni Abdulhafeez ti ń jẹ ẹ́ ní bòńkẹ́lẹ́, lórí àga Bàbá.

Sàúdátù, ibi tí mo kọ ọ́ dé nìyẹn kí Màmá tó wọlé. Ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ti ń bọ̀. Abdulhafeez tẹ̀lé wọn, ojú rẹ̀ ti yí. Ó yọ́ sọ fún mi pé Màmá ká wàrà mọ́ òun lọ́wọ́, wọn ò gbà á. Wọ́n bi í bóyá dókítà ló ní kó jẹ ẹ́, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n bá jókòó tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán.

Màmá rí ìwé níwájú mi. Wọ́n ní, "Ṣé Sàúdátù lò ń kọ̀wé sí? Sọ fún un kó bá mi ra wàrà bọ̀, kó pọ̀ o."

Mo ní, "Màmá, ti Abdulhafeez ni?"

Wọ́n ní, "Ti bàbá yín ni. Mo fẹ́ fi ṣe sàráà fún wọn."

Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà yàrá Bàbá, wọ́n di ilẹ̀kùn mú bíi tọjọ́sí, wọn ò wẹ̀yìn. Wọ́n ní, "Kí wọ́n má fi iyọ̀ sí i."

Nítorí náà, má wulẹ̀ ya lẹ́tà yìí mọ́. Ra wàrà náà wá. Kí ọkọ rẹ àti gbogbo ará ilé fún mi, fẹnu ko Fàrídà lẹ́rẹ̀kẹ́. Ọlọ́run á jẹ́ ká fojú rinjú.

Èmi ni tìrẹ, ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ameenah.