Yunifọ́ọ̀mù tí Màmá Kàfáyà mú wá

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìrọ̀lẹ́

Àwọn ìyá Ajégúnlẹ̀ máa ń dọ̀rẹ́ ní géètì ilé ìwé. Èmi, ilé ni mo ti ń kọ́ Ìyanu ọmọ mi níwèé, mi ò sì tíì ní ọ̀rẹ́ kankan.

Lónìí ni Màmá Kàfáyà tó ń gbé ilé kejì kanlẹ̀kùn. Ó gbé yunifọ́ọ̀mù ọmọ rẹ̀ àtijọ́ lé mi lọ́wọ́, ó ti fọ̀ ọ́, ó sì ti lọ̀ ọ́.

"Màmá Ìyanu, ẹ má bínú. Kò yẹ kí ọmọ jókòó sílé nítorí owó. Mo ń bọ̀ ní Sátidé, kí n wò ó bóyá ó bá a mu."

Inú fẹ́ bí mi. Ta ló sọ fún un pé a ò lówó? Síbẹ̀ mo dúpẹ́, mi ò ṣàlàyé pé èmi fúnra mi ló wù láti máa kọ́ ọmọ nílé.

Ìyanu ti wọ̀ ọ́, kò fẹ́ bọ́ ọ. Bí mo bá sọ òótọ́, ṣé Màmá Kàfáyà á ṣì wá ní Sátidé, àbí yunifọ́ọ̀mù nìkan ló fẹ́ wá wò?