Pèpéle Tekman Lókè Adágún

Tekman, àbúrò mi, òtútù tún ti gba adágún wa. Kùrukùru tún ń sùn lórí omi títí oòrùn fi ń yọ, bó ṣe rí láàárọ̀ tí o fi wá sílẹ̀. Ọdún márùn-ún ti kọjá! Ọdún márùn-ún tí a kò gbọ́ súfèé rẹ lọ́nà òkè!

Resham, ọmọ rẹ, ti dàgbà. Òun ló ń mú àwọn àlejò rìn yí adágún ká báyìí, ìrìn kúkúrú ìgbà òtútù tí ìwọ náà máa ń mú wọn rìn. Wọ́n á dúró kí kùrukùru ká, wọ́n á gòkè lọ wo òkè yìnyín, wọ́n á sì ti padà sílé kí oòrùn tó wọ̀. Bàtà rẹ ló ń wọ̀, ó ki àkísà bọ̀ ọ́ níwájú. Bó bá rí èèpo ọsàn lójú ọ̀nà, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ mú un, á sì wo ẹni tó jù ú sílẹ̀ bí o ṣe máa ń wò wọ́n. Òrùlé tí o fi sílẹ̀ láàbọ̀ náà, a ti kàn án parí. Ó yẹ kí n dúró síbẹ̀, kí n ní gbogbo nǹkan dára. Ṣùgbọ́n n kò mọ bí a ṣe ń purọ́ fún òkú. Nǹkan kò dára, Tekman!

Lọ́dún tí o kú, Manrupa ìyàwó rẹ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣa òkúta jọ, a fi kọ́ pèpéle fún ọ lórí òkè, níbi tí o ti máa ń ní kí àwọn àlejò mí. A gbin igi ọ̀dán méjì sí i, akọ àti abo, a ṣe ìgbéyàwó fún wọn bí ìṣe wa. A gbẹ́ orúkọ rẹ sára òkúta. O mọ ìdí rẹ̀. Nígbàkigbà tí ẹlẹ́rù bá sọ agbọ̀n kalẹ̀ níbẹ̀, tó tú okùn tó fi ń gbé e kúrò níwájú orí, tó ní "háà," ìwọ ni ìtura yẹn ń bá lọ́hùn-ún. Nígbà náà, àwọn obìnrin tó ń ru koríko ẹfọ̀n kì í kọjá láìsọ̀. Manrupa á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wò wọ́n lókè, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀.

Àfìgbà tí Harkabir dé! Àbúrò rẹ, ọmọ ìyá rẹ, tí o fi ẹ̀yìn rẹ pọ̀n dàgbà! Ó kan ìsọ̀ tíì mọ́ pèpéle rẹ. Ó kun òkúta ní ọ̀dà pupa, ó gbé pátákó tíì bo orúkọ rẹ mọ́lẹ̀. Ó gbẹ́ ṣáláńgá sẹ́yìn igi, ṣáláńgá tí kò jìn ju ìkòkò omi lọ, ìdọ̀tí inú rẹ̀ sì ń ṣàn lọ síbi gbòǹgbò ọ̀dán. Ọ̀rá ìpápánu, ìgò ọtí, bébà tí wọ́n fi nùdí, gbogbo rẹ̀ ń yí gbirigbiri lọ sínú adágún. Mo fojú mi rí àlejò kan tó ń tọ̀ sára igi, tó ń fi ọwọ́ kejì ya òkè yìnyín ní fọ́tò. Ó rí mi lára! Títí di ìsinsìnyí, ó ṣì ń rí mi lára!

Èyí tó burú jù ni pé Harkabir ń lé àwọn ẹlẹ́rù. Ìyá àgbà Dhanmati fẹ́ sọ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, Harkabir sì pariwo mọ́ ọn.

"Ẹ gbé koríko yín kúrò níbẹ̀! Ẹ ń ba fọ́tò àlejò jẹ́!"

"Ṣebí pèpéle òkú ni? Níbo ni kí n wá sọ̀ sí?"

"Ẹ lọ sọ̀ sílé yín!"

Ìyá àgbà ru ẹrù rẹ̀ kọjá. Nígbà tí Manrupa gbọ́, kò lè jẹun. Ó ní òun lá àlá pé o dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, agbọ̀n wà lẹ́yìn rẹ, o kò ríbi sọ̀. Gbogbo ìgbà ló ń lá àlá yẹn, tó ń jí pẹ̀lú ẹkún.

A lọ bẹ Harkabir. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ń bọlá fún Tekman ni o. Ṣé ẹ kò rí fọ́tò rẹ̀ tí mo gbé kọ́ ni?" Ó lá ṣúgà tó wà lára ṣíbí, ó sì ti ṣíbí náà bọ mílíìkì àwọn oníbàárà padà. Ojú kò tì í! Fọ́tò rẹ náà wà lókè ibẹ̀, eṣinṣin bo imú rẹ.

Lánàá tí í ṣe àyájọ́ ọjọ́ ikú rẹ, a gbé òkèlè ìrẹsì fún ọ létí omi, bí a ṣe ń ṣe fún òkú wa. Nígbà tí a ṣe tán, Manrupa kò bá wa wọlé. Ilé ẹfọ̀n ló gbà lọ. Ìgbà òtútù là ń ru ajílẹ̀ lọ sóko, o mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò bu èyí tó ti gbẹ. Èyí tó ń rú èéfín ló bù, tó rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀. Dhanmati àti àwọn obìnrin yòókù bu tiwọn, wọ́n tò lẹ́yìn ara wọn gòkè.

Àwọn àlejò ìlú kún pèpéle pẹ̀lú bàtà funfun. Manrupa kẹ̀yìn sí i bí ẹlẹ́rù ṣe ń kẹ̀yìn, ó sọ agbọ̀n kalẹ̀. Gbì! Omi ìgbẹ́ ta sára ọ̀dà pupa, ó ta sára pátákó. Àwọn yòókù náà sọ̀ tiwọn.

Harkabir sáré jáde tòun ti ìkòkò tíì. "Ìyá Resham! Kí lẹ gbé wá síbí?"

"Ẹrù ni."

"Ìgbẹ́ ni! Òórùn rẹ̀ ń lé oníbàárà mi!"

"Àṣé o nímú? Mo rò pé ṣáláńgá rẹ ti jẹ ẹ́ tán ni."

Resham pẹ̀lú àwọn àlejò tirẹ̀ ti dé ẹ̀yìn wọn. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún. Àwọn ẹlẹ́rù ni bàbá mi kọ́kọ́ ń fún láyè." Ta ló máa lé opó kúrò lórí pèpéle ọkọ rẹ̀ níṣojú gbogbo abúlé? Àwọn tó wọ bàtà funfun di imú, wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ. Manrupa jókòó, ó tú okùn níwájú orí, ó sì ní "háà." Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ tó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là ń fi í rín.

Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, Harkabir ti fọwọ́ ara rẹ̀ yọ pátákó lọ fọ̀, orúkọ rẹ sì hàn. Ṣáláńgá ṣì wà níbẹ̀, ó ṣì ń rùn, ṣùgbọ́n oko pọ̀, ẹfọ̀n wa kò sì yé ṣu. Lójoojúmọ́ la ó máa ru ìgbẹ́ wọn gba ibẹ̀ títí Harkabir yóò fi gbé ṣáláńgá rẹ̀ kúrò.

Ṣé a ti gbàgbé rẹ? Ká má rí i! A ń ṣàárò rẹ, ìfẹ́ rẹ kò dín lọ́kàn wa. Láàárọ̀ yìí, mo bi Manrupa bóyá ó tún lá àlá. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, o wọlé, agbọ̀n kò sí lẹ́yìn rẹ, òórùn ìgbẹ́ ẹfọ̀n wà lára rẹ díẹ̀, o sì jókòó.