Omi Ilé Ọmọbìnrin

Ọjọ́ Àìkú, 14 Oṣù Keje

Bàbá dé. Jagvir ọkọ mi lọ gbé e wá láti abúlé nínú ọkọ̀ akẹ́rù ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹrù rẹ̀ kò pọ̀: àpótí irin kan, bẹ́ẹ̀dì okùn, agolo ìyẹ̀fun àlìkámà ńlá, sítóòfù kékeré, ìkòkò idẹ tó fi ń pọn omi. Oṣù mẹ́ta rèé tí ìyá mi kú. Àwọn ará abúlé ní ẹ̀ẹ̀mejì ni Bàbá ti dáná tó sì gbàgbé iná. Kò bí ọkùnrin. Èmi nìkan ló bí. Ibo ni kó lọ?

Mo gbé kọ́ọ̀pù omi pàdé e lẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó súre fún mi, kò gba kọ́ọ̀pù. Ó ní, "Ọmọ mi, o kúkú mọ̀."

Mo mọ̀. Ta ni kò mọ̀ níbí? Ọmọbìnrin là ń fún, a kì í gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó fi ọmọ fọ́kọ kì í jẹun nílé ọkọ náà, kì í mu omi ibẹ̀. Láti ọdún mẹ́tàlélógún tí mo ti wà nílé yìí, tí Bàbá bá wá kí mi, ọ̀fun gbígbẹ ló fi ń wá, òun náà ló fi ń lọ. Ṣùgbọ́n ìyẹn, ó wá kí wa ni. Èyí, ó wá gbé.

Ìyá Kóńdó – ìyá ọkọ mi ni, mi ò jẹ́ pè é bẹ́ẹ̀ létí ara rẹ̀ – jókòó sórí àga, ó ń wò wá. Ó fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ ń bọ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ Ajé, 15 Oṣù Keje

Aago márùn-ún ìdájí, Bàbá ti gbé ìkòkò rẹ̀, ó ti dé ìdí ẹ̀rọ omi ìta. Ó ní ti ìjọba nìyẹn, kì í ṣe ti ọmọ ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́bọ̀, 18 Oṣù Keje

Ọ̀rọ̀ náà bẹ́ lónìí. Bàbá ń wọlé pẹ̀lú ìkòkò lórí, aṣọ rẹ̀ tutù dé ìbàdí, Ìyá Kóńdó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, "Bàbá Vimlesh, ṣé májèlé la bù sómi wa ni?"

Bàbá ní rárá o.

"Gbogbo àdúgbò ló ń rí yín tẹ́ ẹ̀ ń ru omi kọjá níwájú ilé mi. Ẹ rò pé wọ́n á ní àṣà lẹ̀ ń tẹ̀ lé? Wọ́n á ní èmi Chandrawali ń fi òùngbẹ pa àna mi!"

Bàbá sọ ìkòkò kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Ẹ má bínú, àna mi. Omi yín dára. Ọ̀fun tèmi ni kò yẹ ẹ́."

Ọ̀rọ̀ dídùn, ó kàn ń dá kún ìbínú obìnrin náà ni. Ó ní èèyàn tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣiṣẹ́ ìjọba, tó ń ṣí ẹ̀rọ omi fún odidi abúlé, òun ló wá ń sá fún omi bí ajá dìgbòlugi. Jagvir ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Má-fọhùn ọkọ mi. Ó bu róòtì kẹta, búrẹ́dì àlìkámà pẹlẹbẹ yẹn, ó fi kó ọbẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 22 Oṣù Keje

Iyọ̀ ni Bàbá bù sí tíì tó sè lórí sítóòfù rẹ̀ dípò ṣúgà. Ó mu ún tán. Lẹ́yìn náà ló bi mí pé ìyá mi ò tíì dé láti oko ni. Mo wò ó. Ó ní òun ń tòògbé ni. Ó dáa. Oorun ni.

Ọjọ́ Àìkú, 28 Oṣù Keje

Mo bẹ̀ ẹ́ tì. Mo kúnlẹ̀, èmi olùkọ́ tó ń kọ́ ọmọ àádọ́ta. Mo ní ṣebí àwọn àgbà ló ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun mọ òkété, òkété ló jẹ ẹ̀pà òun lọ́dún tí wọ́n bí mi, òun kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀.

Ẹ̀rín yẹn kò pẹ́. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Vimli, mi ò fún ọ nílẹ̀. Mi ò fún ọ ní arákùnrin. Ẹ̀bùn kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ mi ni pé mi ò gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ. Ṣé wàá gba ìyẹn náà lọ́wọ́ mi?"

Kí n sọ òótọ́ síbí, torí ibí nìkan ni mo ti lè sọ ọ́: inú bí mi. Ẹ̀bùn wo? Àárọ̀ dé àárọ̀ ni mo ń gbé kọ́ọ̀pù lọ, tí mo ń gbé e padà ní kíkún. Ẹni tí wọ́n ń kọ nǹkan rẹ̀ lójoojúmọ́, kí lẹ́bùn ibẹ̀?

Ọjọ́rú, 7 Oṣù Kẹjọ

Ẹ̀rọ ìta ti dákẹ́ láti àná. Wọ́n ní ọkọ̀ omi ń bọ̀. Kò bọ̀. Táńkì wa kún dé ẹnu lórí òrùlé, Bàbá sì jókòó ti ìkòkò òfìfo. Ètè rẹ̀ ti là. Mo gbé omi lọ, ó kọ̀. Ìyá Kóńdó fúnra rẹ̀ gbé omi lọ, ó kọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Omi ò lọ́tàá, wọ́n ní. Wọn ò mọ bàbá mi.

Ọjọ́bọ̀, 8 Oṣù Kẹjọ

Ilé ẹ̀kọ́ ni mo wà tí wọ́n fi pè mí. Bàbá ṣubú sídìí ẹ̀rọ gbígbẹ yẹn. Jagvir ló gbé e sẹ́yìn, ó sáré dé ọsibítù – ẹsẹ̀ méjèèjì rẹ̀ lásán, kò rántí wọ bàtà. Má-fọhùn. Mi ò ní bú u mọ́ títí ọdún yìí á fi parí.

Wọ́n fa omi sí Bàbá lára, àpò méjì. Nígbà tó lajú, ó bi nọ́ọ̀sì pé omi ta ni. Nọ́ọ̀sì ní ti ìjọba. Ó tún pa ojú dé.

Dókítà obìnrin kan, ọmọdé ni lójú mi, jókòó tì í, ó ń bi í ní ìbéèrè bíi tàwọn ọmọ kíláàsì mi. Oṣù wo la wà? Bàbá ní ìgbà òtútù. Bẹ́ẹ̀ òjò ń rọ̀ lójú fèrèsé. Ìyàwó yín ńkọ́? Ó wà nílé, ó ń dáná. Mo di irin bẹ́ẹ̀dì mú. Dókítà wá nàka sí mi: ta nìyí?

Bàbá rẹ́rìn-ín, bí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè òmùgọ̀. "Vimlesh nìyẹn. Ọmọ mi ni. Èmi kì í mu omi ilé rẹ̀."

Níta, dókítà ní kì í ṣe oorun, kì í ṣe òùngbẹ nìkan. Ọpọlọ rẹ̀ ló ń gbàgbé, kò sì ní í yé gbàgbé. Ó ní ọjọ́ kan ń bọ̀ tí kò ní mọ̀ mí mọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 10 Oṣù Kẹjọ

Ó ti padà sílé. Ẹ̀rọ ìta ti ń yọ omi. Jagvir ló ń pọn ọ́n fún un báyìí, nínú ìkòkò idẹ yẹn. Bàbá gbà bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ yìí mo gbé kọ́ọ̀pù mi lọ bí ìṣe mi. Ó wo kọ́ọ̀pù, ó wò mí. "Rárá, ọmọ mi. O kúkú mọ̀."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń kọ omi mi, ó mọ̀ pé èmi ni mo bù ú. Olúwa, kó máa kọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Ajé, 19 Oṣù Kẹjọ

Ọjọ́ òwú. Gbogbo obìnrin ìlú ń so òwú pupa mọ́ ọrùn ọwọ́ arákùnrin wọn. Ìyá Kóńdó kò ní arákùnrin láyé mọ́, inú yàrá ló máa ń wà lọ́jọ́ yìí. Lónìí ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó fi ń lọ síbi ìgbéyàwó, ó gbé àwo jáde: òwú, àdídùn, kọ́ọ̀pù omi kan. Ó tọ Bàbá lọ. Ó ti fi ọ̀sẹ̀ kan ro ó, ó hàn lójú rẹ̀.

Ó so òwú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ní, "Ó parí. Ẹ kì í ṣe àna mi mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ni yín. Ilé àbúrò yín lẹ wà, kì í ṣe ilé ọmọ yín. Ó yá, ẹ mu omi."

Bàbá wo òwú náà, omi lé sójú rẹ̀. Ó ní, "Àbúrò mi, Ọlọ́run á dá ọ sí. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ̀gbọ́n ń mu omi nílé àbúrò rẹ̀ obìnrin?"

Ẹ̀gbọ́n Ìyá Kóńdó gan-an, tó ti kú, kò fẹnu kan omi nílé yìí rí títí ó fi kú; òun fúnra rẹ̀ ló máa ń fi í yangàn! Ó gbàgbé pátápátá. Ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ọ̀pá fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá náà ń rẹ́rìn-ín. Mi ò rí irú rẹ̀ rí nínú ilé yìí.

Ọjọ́rú, 21 Oṣù Kẹjọ

Ó kọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 22 Oṣù Kẹjọ

Ó kọ̀. Ó pe Jagvir ní orúkọ bàbá bàbá mi. Jagvir dáhùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 Oṣù Kẹjọ

Ó kọ̀ – ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ wo kọ́ọ̀pù náà pẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27 Oṣù Kẹjọ

Ìyá Kóńdó dá mi dúró nílé ìdáná. Ó ní, "Kí lò ń fi omi yẹn lọ̀ ọ́ láràárọ̀ fún? Bàbá náà ti sọ tirẹ̀. Ṣé o fẹ́ kó yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà ni?"

Mo sọ fún un. Ohun tí dókítà wí, ohun tí kọ́ọ̀pù náà ń sọ fún mi láràárọ̀. Ó jókòó sórí àpótí ìdáná. Mo ń retí kó kan ọ̀pá mọ́lẹ̀, kò kàn án. Ó ní, "Máa gbé e lọ, ọmọ mi. Èmi náà á máa bá ọ wò ó."

Ó pè mí ní ọmọ mi. Ọdún mẹ́tàlélógún, kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ Àìkú, 1 Oṣù Kẹsàn-án

Òjò rọ̀ mọ́jú. Bàbá ti jí, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì okùn, òwú pupa ọjọ́sí ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo gbé kọ́ọ̀pù lọ. Ìyá Kóńdó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.

Ó mu ún tán pátá. Mo gbọ́ ọ bó ṣe ń gbé e mì. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n bu sí i. Mo bu sí i. Ó mu ìyẹn náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ tó lò níbí, ohun tí mo ń bẹ Ọlọ́run fún nìyí.

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. Ó kí mi bí wọ́n ṣe ń kí onílé tí wọn ò mọ̀ rí. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ìyá olóore. Omi yín tutù. Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ọmọbìnrin kan nílùú yìí, Vimlesh lorúkọ rẹ̀. Èmi kì í mu omi ilé rẹ̀, ó sì máa ń dùn ún. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ bá mi sọ fún un pé mo ti rómi mu, kó má ṣèyọnu mọ́."

Mo ní mo ti gbọ́, Bàbá. Mo ní màá jíṣẹ́ fún un.