Mo Dọ̀bálẹ̀ Lórí Òkè

Ọ̀fà, Ọjọ́bọ̀, 1958

Ọjọ́ kejì ìdíje kẹ̀kẹ́ bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Èmi ló yẹ kí n ṣíwájú Ràímì, olórí ẹgbẹ́ wa, dé orí òkè Ìjàgbó, kí n máa dènà afẹ́fẹ́ fún un. Mo ti ń ṣọ́ agbára lò bí epo àtùpà.

Ní ìdajì òkè, Jímọ̀, alátakò wa, ké sí mi: "Àna rẹ ń wò ọ́ o!" Lóòótọ́, bàbá àfẹ́sọ́nà mi ni. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀.

"Dìde, òmùgọ̀!" ni Bàbá wí. "Wọ́n ti lọ!"

Mi ò bá wọn mọ́. Ipò kìíní bọ́ lọ́wọ́ wa.

Ọ̀la ni ìparí, ọ̀nà sì tún gba iwájú ilé àna mi. Ọlọ́run, jẹ́ kí Bàbá lọ sóko.