Ìdí Tí Mo Fi Wá sí Osaka

Àlàó, Abdulqoyyum ọmọ mi,

Àsàláámù àlàékúmù. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ ò mú ọ jù? Ọlọ́run Ọba yóò máa ṣọ́ àlọ àti ààbọ̀ rẹ. Mo ti padà dé Peckham ní London níbí láyọ̀, ara mi le, orúnkún nìkan ló ń ráhùn, òun náà ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Hameedah àbúrò rẹ ní kí n kí ọ. Seth tó ń ta ẹja fún mi ní Rye Lane béèrè ibi tí mo lọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo ní Japan, ó ní ṣé Japan ilé oúnjẹ tó wà ní Sydenham ni. Mo gba ẹja mi, mo bá tèmi lọ.

Mo ti sọ fún àwọn ìyá mọ́sálásí pé Mùsùlùmí ni àwọn ará Osaka, wọn ò tíì mọ̀ ni. Àbí kí ni kí n pe èèyàn tó ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ń fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ṣe ìmọ́tótó fúnni? Ní àárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní nílé rẹ, bí mo ṣe wọlé ni ìdérí rẹ̀ ṣí fúnra rẹ̀, mo rò pé ó ń kí mi, mo sì dá a lóhùn. Ìjókòó rẹ̀ gbóná, mo tún jáde síta, mo rò pé ìwọ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde níbẹ̀.

Wọ́n ní ẹ̀kọ́ ilé. Ìyá tó ń ta èso nísàlẹ̀ ilé rẹ tẹrí ba fún mi, mo kúnlẹ̀, òun náà tún tẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ títí àwọn oníbàárà fi dúró tí wọ́n ń wò wá. Nínú tíréènì ńkọ́? Èrò kún fọ́fọ́, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀, mo rò pé ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wọ́n ni. Mo bá obìnrin tó jókòó tì mí kẹ́dùn, ó fún mi ní súìtì.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò sọ fún ọ. Kì í ṣe ìgbafẹ́ ni mo wá ṣe. Uncle Làtíìfù ti bá ọ wá iṣẹ́ sí káńsù, mo gbé fọ́ọ̀mù rẹ̀ wá nínú báàgì mi kí o lè buwọ́ lù ú, kí a jọ máa bọ̀ wálé. Ọdún mẹ́rin ti pọ̀ jù. Ẹnu mi ò gbà á láti sọ fún ọ, títí di ọjọ́ tí mo dá jáde, tí mo sọnù, tí mo sì gbàgbé báàgì náà sínú tíréènì.

Kí o tó dé àgọ́ ọlọ́pàá lọ́jọ́ yẹn, ọlọ́pàá ibẹ̀ ti fún mi ní tíì. Mo fi ìwé pélébé tí o kọ orúkọ àti nọ́ńbà rẹ sí hàn án. Ó wo orúkọ náà, ó dìde dúró. Ó sọ̀rọ̀ sínú fóònù rẹ̀, obìnrin inú fóònù sì sọ ọ́ fún mi ní Gẹ̀ẹ́sì, mo kọ́kọ́ kí obìnrin náà kú iṣẹ́. Obìnrin náà ní ọlọ́pàá yìí sọ pé ìwọ lo ń kọ́ ọmọ òun, pé ọmọ náà kì í lè sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn tẹ́lẹ̀, àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó dúró níwájú gbogbo ilé ìwé, ó kàwé. Ó wá tẹrí ba fún mi títí fìlà rẹ̀ fi jábọ́.

Abdulqoyyum, ọmọ tí mo mọ̀ ní Peckham, ilẹ̀ ló máa ń wò rìn. Èyí tó wọlé wá mú mi lọ́jọ́ náà gbé orí sókè, ó sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n gbé báàgì mi dé, kò sí ohun tó dín nínú rẹ̀, gààrí pàápàá pé. Fọ́ọ̀mù náà wà níbẹ̀. Mo tì í sísàlẹ̀.

Mo ti dá a padà fún Uncle Làtíìfù. Ó bínú. Ó ní mo lọ mú ewúrẹ́ wálé, okùn ni mo mú bọ̀. Mo ní ewúrẹ́ náà ti rí koríko.

Jọ̀ọ́, bá mi ra irú ìjókòó tó ń gbóná yẹn kan. Hameedah ní oníná mànàmáná ló máa bá wa so ó, nítorí náà fi owó díẹ̀ tì í kí òtútù tó le jù báyìí lọ. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí o pẹ́ níbi tí wọ́n ti mọ iyì rẹ. Bí àárò rẹ bá ń sọ mí, mo máa fara dà á.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mìsítúrà