Ilé Ìwòsàn Tí Ẹ Fi Ara Yín Kọ́ Sórí Pápá

Marvella ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ tó ń wú nítorí ìrìn orí pápá ti ń wálẹ̀? Ọlọ́run tó mú ọ dé Montgomery kò ní fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, àmín. Èmi náà wà. Mo ṣì máa ń bu oúnjẹ sí àwo méjì bí mo bá gbàgbé, ajá ló ń jẹ ìkejì.

Fọ́ọ̀mù tí ilé ẹ̀kọ́ yín fi ránṣẹ́ ti dé. Wọ́n béèrè ẹni tí wọ́n máa pè bí nǹkan pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀ sí ọ. Mo rò ó títí, mo wá kọ ọ́ pé kí wọ́n pe ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí, torí èmi jìnnà.

Ní Sátidé, Míísì Odell, aládùúgbò wa, gbé fóònù rẹ̀ wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní ẹgbẹ́ onífèrè yín fẹ́ jáde nígbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù bá lọ sinmi, pé a lè wò yín nínú rẹ̀. Mo ní kó ṣe sùúrù, mo lọ wọ kóòtù ṣọ́ọ̀ṣì mi, mo ya irun, torí mi ò fẹ́ kí o rí mi nínú aṣọ oko lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní ẹ ò lè rí mi. Mo ṣáà juwọ́ sí ọ.

Mo rí ọ, Marvella! Fèrè ńlá yẹn lọ́ mọ́ ọ lára bí ejò. Ẹ to ara yín di ilé, ẹ fi àgbélébùú ilé ìwòsàn sí iwájú rẹ̀, ni àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà bá sún mọ́ra, wọ́n tì í pa. Ìlù dákẹ́. Gbogbo yín ṣubú lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fò dìde, mo pariwo sínú fóònù pé kí ẹnì kan gbé ọmọ mi, mo ní kí Odell pe ṣẹ́ríìfù, ọ̀gá ọlọ́pàá wa. Ó di apá mi mú, ó ní Lucius, jókòó jàre, eré ni, ọ̀rọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi sọ. Ìgbà náà ni ọkùnrin tó ń fi ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ ka orúkọ àwọn ìlú tí wọ́n ti ilé ìwòsàn wọn pa. Ó ka tiwa náà. Ó ní máìlì mẹ́tàdínláàádọ́ta la máa rìn ká tó rí òmíràn.

O ò bi mí rí nípa ọjọ́ tí mo ń gbé ìyá rẹ lọ sí ilé ìwòsàn, èmi náà ò sì sọ. Ìyá rẹ ò sunkún nínú ọkọ̀. Ó ní kí n má sáré púpọ̀, pé bí àgbọ̀nrín bá bọ́ sójú ọ̀nà, ta ló máa kù fún Marvella? Ni mo bá rọra. Ó ku máìlì mẹ́sàn-án ká dé nígbà tó dákẹ́. Ó ti di ọdún méjì tí mo ti ń bi ara mi pé ká ní mi ò rọra ńkọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkùnrin yẹn ka iye máìlì náà, tí gbogbo èrò dìde dúró láìpariwo, mo rí i pé ọ̀nà ló gùn, kì í ṣe èmi ni mo falẹ̀.

Odell ní ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ènìyàn ti fi ọkàn wọn, àwọn ọkàn pupa kéékèèké yẹn, ránṣẹ́ sí yín lórí fóònù. Mo ní kí wọ́n rọra, kí wọ́n ṣẹ́ díẹ̀ kù fún ara wọn. Nígbà tó lọ, mo tún jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mi ò tètè bọ́ kóòtù.

Bí owó díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ti epo ọkọ̀ ránṣẹ́. Mo fẹ́ wá wò yín ní Sátidé tó ń bọ̀. Ọ̀nà kan náà ni, mi ò sì tíì gbà á láti ọjọ́ náà.

Èémí rẹ kò ní tán nínú fèrè. Ọ̀nà tó gùn jù fún ìyá rẹ, kí Ọlọ́run bá mi ká a kúrú títí màá fi dé ọ̀dọ̀ rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Lucius Tarver