Bébà Mẹ́ta tí Mo Kà fún Màmá

                                        Ojúlé 18, Òpópónà Ìfẹ́sowápọ̀,
                                        Agbowó, Ìbàdàn.
                                        Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kẹta, ọdún 2025.

Latifah, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

A kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Ìlọrin? Ẹ kú ààwẹ̀, ẹ sì kú ìnira sààrì. Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ikọ́ tí ń ṣe Shakirah ti lọ? Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́, nítorí bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, n ó tún purọ́.

O mọ ètò tí mò ń ṣe lórí ayélujára, tí o fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ pé mo di adájọ́ àwọn aríran. Ẹni tó bá ní òun ń rí ohun tó pamọ́ á wá jókòó ní pálọ̀ mi, níṣojú gbogbo ẹni tó ń wò wá lórí fóònù. Bọ̀dá Ahmed, tíṣà ìṣirò tí a jọ ń gbélé, á ti kọ orúkọ nǹkan sí bébà mẹ́ta, á ká wọn sínú agolo mílíìkì mẹ́ta. Èmi gan-an kì í mọ ohun tí wọ́n kọ. Aríran á sọ ohun tó rí, n ó ṣí agolo, n ó ka bébà, n ó sì nà án sí kámẹ́rà. Ẹni mọ́kànlélógún ló ti jókòó síbẹ̀, kò sí ẹni tó gba ju ẹyọ kan lọ. Ọ̀gbẹ́ni kan láti Mọ́níyà tiẹ̀ ní ewúrẹ́ lòun rí nínú agolo mílíìkì.

Lóṣù tó kọjá, Màmá rẹ fúnra wọn wá láti Òkè-Àdó. Èmi kò pè wọ́n o. Ìwọ náà mọ̀ pé bí nǹkan ẹnikẹ́ni bá sọnù ládùúgbò yín, ọ̀dọ̀ Màmá ni wọ́n ń lọ. Bí mo ti rí wọn tí wọ́n ń tún ìborùn wọn ṣe, mọ́ínmọ́ín tí wọ́n máa ń fi rán ọ sí mi nígbà tí a wà ní yunifásítì ló sọ sí mi lọ́kàn.

Màmá ní àwọn rí kọ́kọ́rọ́ nínú agolo àkọ́kọ́. Mo ṣí i. Ṣíbí ló wà nínú bébà. Latifah, mo gbójú sókè, mo rí ojú Màmá, mo sì kà á pé kọ́kọ́rọ́. N kò nà án sí kámẹ́rà, kò sì sẹ́ni tó béèrè. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn: bí àgbà bá fi orúkọ àbúrò ẹni pe ẹni, ṣebí a ó dáhùn ni. Lẹ́yìn ìyẹn, n kò lè padà sẹ́yìn mọ́. Wọ́n ní ìlẹ̀kẹ̀, mo ka ìlẹ̀kẹ̀. Wọ́n ní àgbàdo, mo ka àgbàdo, bẹ́ẹ̀ ohun mìíràn ló wà nínú bébà méjèèjì. Ariwo ayọ̀ sọ. Màmá lọ tán kí Bọ̀dá Ahmed tó bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n kàn ní, "Ọmọ́fẹ́, ṣíbí ni mo kọ o." Wọn kò tíì wọ pálọ̀ mi láti ọjọ́ náà.

Ohun tó dùn mí jù nìyí. Nígbà tí mo sin Màmá dé ìdí ọkọ̀, wọ́n di ọwọ́ mi mú, omi wà lójú wọn. Wọ́n ní láti ìgbà tí Alhaji bàbá yín ti kú, ẹ̀rù ń ba àwọn pé àwọn kò rí nǹkan kan mọ́, àwọn kàn ń dábàá fáwọn ènìyàn ni, ìdí nìyẹn tí àwọn fi wá. Wọ́n ní, "Mo ti pinnu pé bí mo bá kùnà lónìí, n ò ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́. O ṣeun, ọmọ mi. O ti fi mí lọ́kàn balẹ̀." Òtítọ́ ni wọ́n bá wá sọ́dọ̀ mi, èmi tí mò ń pariwo òtítọ́ kiri.

Lánàá, Ìyá Suhail kan láti Àpáta pè mí, ó ń dúpẹ́. Kókó kan wà lọ́mú rẹ̀, dókítà sì ti dá ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ fún un láti ṣiṣẹ́ abẹ. Ó wo fídíò wa, ó lọ bá Màmá, Màmá ní àwọn kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ti sọ fún ọsibítù pé òun kò wá mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ títí pé kó lọ. Ẹ̀rín ló fi mí rín. Ó ní, "Àǹtí, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ṣe tẹ́ẹ̀sì fún wọn? Mẹ́ta nínú mẹ́ta!"

Nítorí náà, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé, n ó jókòó síwájú kámẹ́rà. Bébà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà lọ́wọ́ mi, n ó nà wọ́n síta lọ́kọ̀ọ̀kan. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, n ó kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ fún Màmá kí wọ́n má baà gbọ́ ọ lẹ́nu aráyé. Wọ́n lè lé mi jáde. Bí mo tilẹ̀ pariwo pé èmi ni mo purọ́, Màmá ni wọn yóò fi ṣe ẹlẹ́yà, bí orúkọ wọn bá sì bàjẹ́, tìrẹ náà bàjẹ́ ni. Ojú ń tì mí, Latifah. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a, ṣùgbọ́n Ìyá Suhail kò ní ogún ọdún tí yóò fi dúró.

Dírẹ́bà Ìlọrin ni mo fi lẹ́tà yìí rán ní gáréèjì, kó lè tètè tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí o sì gbá Shakirah mọ́ra fún mi. Fóònù mi yóò wà ní títàn títí di aago mẹ́rin Sátidé. Bí o bá pè mí pé kí n má ṣe é, n kò rò pé n ó lè kọ̀ fún ọ. Jọ̀wọ́, má pè mí.

Tìrẹ ni mí, bí o bá ṣì fẹ́ mi,
Ọmọ́fẹ́ Akíndúró